Ẹsẹ̀ Kan Nínú Mẹ́rìnlélógún

Tẹlifíṣọ̀n ni Bọ́láńlé kọ́kọ́ rí, kò tíì rí ọkùnrin tó rù ú. Òjò ń ṣẹ̀ wẹliwẹli, gbogbo ará Òtígbà ń sá wọ abẹ́ òrùlé, àfi tẹlifíṣọ̀n onínṣì mẹ́rìnlá yìí tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín títì, tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé lórí. Ìgbà tó dé iwájú tábìlì rẹ̀ ló tó rí i pé ẹsẹ̀ méjì wà lábẹ́ rẹ̀, àti pé ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà kò wọ ẹ̀wù. Ẹ̀wù rẹ̀ ló fi di nǹkan mìíràn, tó há a mọ́ abíyá bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́. Ọrùn mi fẹ́ kán."

Bọ́láńlé dìde, ó di apá kan mú, wọ́n jọ gbé e lé orí tábìlì. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi lójú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èjí. Bọ́láńlé kì í wo oníbàárà lójú ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ó wo èjí náà, ó sì tún un wò.

"Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ṣé ẹ ò rí i pé òjò ń pa yín ni? Ẹ wá bọ́ ẹ̀wù fún ẹ̀rọ."

"Èmi, òjò á dá, màá gbẹ. Àmọ́ tí omi bá fi lè wọnú eléyìí, mo gbé."

Ó tú ẹ̀wù náà. Ẹ̀rọ géèmù dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ki káséẹ̀tì bọ̀ lórí, tí àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ méjèèjì di nǹkan ìṣeré rẹ̀ mú. Abdulwasiu lorúkọ rẹ̀, Wasiu ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, Wasiu sì ti gba yàrá kan ní Oko Ọba ní Agége, ó fẹ́ fi ṣe ilé géèmù. Àwòrán ń jáde, ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀. Funfun àti dúdú ni, bíi ti ayé àtijọ́.

"Àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Agége ní géèmù ló bàjẹ́. Àwọn tó ń tún géèmù ṣe ní tẹlifíṣọ̀n ló bàjẹ́. Mo lọ, mo bọ̀, ìgbà mẹ́rin. Mo wá ní ó tó gẹ́ẹ́, màá gbé tọkọtaya wá lónìí, kí kálukú wí tẹnu ẹ̀ lójú ẹnì kejì ẹ̀."

Bọ́láńlé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Dàwódù, àgbàlagbà tí wọ́n jọ ń lo tábìlì náà, gbójú sókè láti ìdí rédíò tó ń tú, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ọdún 2000 là ń wí yìí. Ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún kan tó padà dé, ẹnu èèyàn ṣì ń dùn. Kò sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọlọ́lá. Ẹni tó bá fẹ́ rí èèyàn, ẹsẹ̀ ló máa fi wá a lọ. Òtígbà náà kò tíì dà bó ṣe dà lónìí. Láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àti àwọn tó ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà, ẹ ṣì lè gbọ́ kí adìẹ ké lọ́sàn-án gangan. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní irọ́ ni mo ń pa. Ẹ bi àwọn òbí yín.

Ọdún méje ni Bọ́láńlé fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to tẹlifíṣọ̀n pọ̀ ní Ìkẹjà, òun pẹ̀lú ogójì obìnrin tí wọ́n tò sórí ìlà, tí kálukú mú irin gbígbóná lọ́wọ́, tó ń fi òjé jó nǹkan mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá Dàwódù ni alábòójútó ìlà wọn. Nígbà tí tòkunbọ̀ gba ìgboro, ilé iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì sì gbé tábìlì kan kalẹ̀ sábẹ́ agboòrùn ní Òtígbà. Ohun tí ọ̀gá Dàwódù fi ń yangàn nípa rẹ̀ ni pé ní odindi ọdún méje, pánẹ́ẹ̀lì kan kò kúrò lọ́wọ́ Bọ́láńlé kí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò dá a padà.

Bọ́láńlé so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, ó tàn án. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá nínú géèmù náà, gbogbo àwọn tó ń gbá a sì rí bí eérú.

"Ẹgbẹ́ kan wọ pupa, ẹgbẹ́ kejì wọ àwọ̀ ewé," Wasiu ní. "Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú wa. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ń yọ̀, ẹni tí wọ́n gbá a wọlé fún náà ń yọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìjà á wá bẹ̀rẹ̀."

Bọ́láńlé tú ìdérí ẹ̀rọ náà. Ó fi ṣóńṣó sìkùdíráfà tọ́ka sí nǹkan dúdú kékeré kan tó gùn tó èékánná àtàǹpàkò méjì, tí ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yọ lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú tọkọtaya yín. Ẹ wo áísì yìí. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélógún ló ní. Òun ló ń gba àwòrán lọ́wọ́ géèmù, tó ń dì í bí ẹrù fún tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń di àwọ̀ ní Amẹ́ríkà lọ̀tọ̀, bí a ṣe ń dì í níbí lọ̀tọ̀. Ẹrù dé ọ̀dọ̀ tẹlifíṣọ̀n tiwa, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, ló bá ń ju àwọ̀ nù."

"A ò wá lè kọ́ áísì ní bí wọ́n ṣe ń dì í níbí ni?"

"Ó ti mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n méjèèjì ni wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú mẹ́rìnlélógún ló ń sọ èyí tó máa lò fún un. Tí mo bá tú ẹsẹ̀ yẹn níbi tó wà, tí mo jó o mọ́ ibòmíràn, tí mo sì pààrọ̀ irin kékeré tí wọ́n ń pè ní kírísítà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó parí."

Wákàtí méjì gbáko ló fi ṣe é, òjò kò sì dá. Wasiu jókòó lórí àpótí, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó ti rin, ó ń sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa bàbá rẹ̀, Àlàájì Suara, alápatà ní odò ẹran Oko Ọba, tó máa ń sọ pé ilé géèmù àti ilé tẹ́tẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó sọ bí òun ṣe bẹ bàbá títí tó fi ní kí òun dán an wò. Bọ́láńlé ń dáhùn láìgbójú sókè, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ sílẹ̀ nínú ohun tí ọkùnrin náà sọ.

Nígbà tó tàn án, pápá bọ́ọ̀lù náà yọ ní àwọ̀ ewé minijọ, àwọn onípupa sì sáré wọ inú rẹ̀. Wasiu fò dìde. Ó jó yí tábìlì náà ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da rédíò ọ̀gá Dàwódù nù. Inú Bọ́láńlé dùn, lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ bàjẹ́ lójijì. Iṣẹ́ tó dáa kì í padà. Ọkùnrin yìí á ru tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, á wọ Agége lọ, ẹ̀rọ náà á máa ṣiṣẹ́ títí ayé, kò sì sí ohun tó máa tún gbé e wá sí Òtígbà mọ́.

"Ẹ dúró ná," ló ní. "Ẹ jẹ́ kí n tún un yẹ̀ wò."

Ó yí ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó fi irin kan ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, ó fa òjé tó wà nídìí rẹ̀ kúrò, ó sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ tó kàn fẹnu kàn án rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá gbóná dáadáa fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹsẹ̀ náà á jábọ́.

Ẹ má tíì bú u. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ìfẹ́ kò kàn án lára báyìí rí, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí obìnrin fi ń sọ fún ọkùnrin pé kó máa bọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Wasiu dé. Kò ru tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ nìkan ló gbé, ó sì gbé nǹkan mìíràn tí wọ́n fi ewé wé dání.

"Àwọ̀ ti tún lọ, Àǹtí Bọ́láńlé. Ẹ gba èyí, bàbá mi ní òun ló dùn jù lára màlúù."

Bọ́láńlé tú ewé. Ahọ́n ni. "Ahọ́n kẹ̀? Ṣé mi ò sọ̀rọ̀ tó ni?"

"Ẹ̀ ń sọ nípa áísì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa sọ nípa èmi náà."

Bọ́láńlé jó ẹsẹ̀ náà padà fún un, fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Wasiu tún dé, ẹsẹ̀ náà sì tún gba òjé fẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn ni "ẹ" di "ìwọ" láàárín wọn, wọ́n sì rìn dé ìdí rélùwéè ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ra ẹ̀pà sísè, wọ́n jẹ ẹ́ títí ọkọ̀ ojú irin fi kọjá. Wasiu ní, "Bọ́láńlé, ẹ̀rọ yìí mà fẹ́ràn rẹ jù mí lọ. Kò lè pẹ́ kó má wá rí ọ." Bọ́láńlé rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀pà há a lọ́fun.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá Dàwódù gbé awò rẹ̀ sókè sí iwájú orí.

"Mo ti ń wo òjé tó o fi sídìí géèmù ọmọ alápatà yẹn. Òjé ọwọ́ rẹ kọ́ nìyẹn, Bọ́láńlé."

Bọ́láńlé ń ṣa wáyà orí tábìlì jọ.

"Mi ò bínú sí ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn," bàbá náà ní. "Àmọ́ irọ́ lo fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ. Jó o pa, kó má tún jábọ́ mọ́."

Bọ́láńlé sì pinnu tọkàntọkàn pé ìgbà tó bá tún gbé e wá, òun á jó o pa. Ìgbà náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù Karùn-ún. Wasiu fẹ́ ṣe ìdíje bọ́ọ̀lù ní ilé géèmù rẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ tí ìjọba alágbádá pé ọdún kan, tí gbogbo ilé iṣẹ́ wà ní ìsinmi. Kẹ̀kẹ́ tuntun ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè. Àlàájì Suara fúnra rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun á wá wò ó. Tí òun bá sì rí i pé eré mímọ́ ni, òun kò tún ní dárúkọ odò ẹran sí ọmọ òun létí mọ́.

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ o," Wasiu ní. "Mo kàn ní kó o yẹ̀ ẹ́ wò fún mi kí ọjọ́ náà tó dé."

Bọ́láńlé na ọwọ́ sí irin rẹ̀, iná sì lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá kò tíì kún Òtígbà nígbà yẹn. Irin náà tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dúró kí iná dé," ló ní.

"Mò ń lọ gba kẹ̀kẹ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ẹni tó fẹ́ tà á ń retí mi. Ó kúkú ń ṣiṣẹ́. Ṣé wàhálà kan wà níbẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Bọ́láńlé. Tó bá ní ó wà, Wasiu á bi í pé wàhálà wo, yóò sì ní láti sọ bó ṣe jẹ́. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wo bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn, ìtìjú sì mú un.

"Kò sí wàhálà kankan," ló ní.

Ní ọjọ́ ìdíje, ilé géèmù náà kún dé ojú títì. Àwọn ọmọ alápatà, àwọn kànlékànlé, àwọn tó ń tún táyà ṣe, gbogbo wọn ló wá. Ẹ̀rọ náà ti wà lórí iná láti ààrọ̀, ó gbóná bí ẹni ibà ń ṣe. Bọ́láńlé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ku ẹni méjì: Sànní, kànlékànlé kan tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn, àti ọmọ àbúrò Àlàájì Suara. Àlàájì náà ti dé, ó jókòó níwájú pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀. Òmì ni wọ́n gbá bọ̀, ó ku díẹ̀ kó parí, Sànní gba bọ́ọ̀lù, ó ń sáré bọ̀, àwọ̀ sì lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pẹ́ rárá. Sànní wo eérú tó wà níwájú rẹ̀, ó ta bọ́ọ̀lù sí ẹni tó rò pé tirẹ̀ ni. Kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ àbúrò Àlàájì gbá a wọlé.

"Òjóró!" ẹnì kan pariwo. "Wasiu tẹ nǹkan! Ó fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wà nílé wọn!"

"Màgòmágó! Ẹbí yín lẹ fẹ́ fún!"

Bẹ́ńṣì dojú dé, wọ́n fa ẹ̀wù Wasiu ya. Ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń búra, kò sẹ́ni tó gbọ́. Àlàájì Suara dìde, gbogbo ilé sì dákẹ́.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń ta ẹran," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Mi ò ta òkú ẹran fún ẹnikẹ́ni rí. Wọn ò pe òjóró mọ́ orúkọ mi rí, àfi lónìí. Wasiu, mú kọ́kọ́rọ́ wá. Láti ọ̀la lọ, odò ẹran."

Bọ́láńlé wà níbẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rí Wasiu tó ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ẹ láàárín èrò, ó lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta kò ṣe iṣẹ́. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó sì mọ iye tó máa ná an. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ oníbàárà jẹ́ ní Òtígbà, tí ìròyìn rẹ̀ bá jáde, ta ló máa tún gbé nǹkan fún un? Èyí tó bà á nínú jẹ́ jù ni pé Wasiu á mọ̀, kò sì ní fojú ire wo òun mọ́. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé ju ọkùnrin yẹn lọ, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á lórúkọ jẹ́.

"Mo lè kọ lẹ́tà," ó sọ fún ọ̀gá Dàwódù.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," bàbá náà dá a lóhùn. "Níwájú èrò ni wọ́n ti bú u. Níwájú èrò ni kó o ti tú u sílẹ̀."

Ni Bọ́láńlé bá lọ sí odò ẹran ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọjà ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Wasiu wà níbẹ̀ nínú bàtà òjò, ó ń ṣan tábìlì. Nígbà tó rí i, ó rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ yọ, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Bọ́láńlé padà. Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlàájì Suara.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Sànní, ẹ bá mi pe gbogbo àwọn tó wà níbi ìdíje. Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ, mi ò sì lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n pe Sànní, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn alápatà náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n súnmọ́ ọn, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Wasiu ò ṣe òjóró," ni Bọ́láńlé wí. "Kò tẹ nǹkan kan. Èmi ni mo tún ẹ̀rọ yẹn ṣe, èmi náà ni mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jó ẹsẹ̀ kan níbẹ̀ kó má lè dúró. Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe é. Ó bi mí bóyá wàhálà wà, mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa. Ẹ má bú u mọ́. Èmi lẹ máa bú."

"Kí ló ṣe ọ́ tó o fi ṣerú ẹ̀?" Sànní bi í.

Omijé dé ojú rẹ̀. "Iṣẹ́ tó dáa kì í padà wá. Mo fẹ́ kó máa padà wá."

Àwọn alápatà wo ara wọn. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó mi òrùlé páànù. Wasiu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ju búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sínú korobá, ó sì bá ọ̀nà ẹ̀yìn jáde lọ.

Àlàájì Suara kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ní kí Bọ́láńlé dìde. "O ṣe ohun tí kò dáa. Àmọ́ mo mọ àwọn ọkùnrin tó ń ta òkú ẹran, tí ọ̀bẹ wà lọ́rùn wọn, tí wọn ò jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wá jó o bó ṣe yẹ, lójú gbogbo wa. Wọ́n á tún un gbá."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bọ́láńlé jó ẹsẹ̀ náà pa níwájú wọn, Sànní sì borí pẹ̀lú àmì ayò méjì sí ẹyọ kan. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí àdúgbò po, Àlàájì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ọmọ rẹ̀. Wasiu gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Nígbà tí Bọ́láńlé ń kó irin rẹ̀ sínú àpò, ó wá dúró tì í.

"O yọ mí nínú òjóró," ó ní jẹ́jẹ́. "Àmọ́ ìwọ náà lo sọ mí sínú ẹ̀. Mò ń rí gbogbo ọjọ́ tí mo gbé e wá, tí inú mi ń dùn, tó o sì mọ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ lóòótọ́, àfi òjé."

Wasiu yí padà, ó ń to bẹ́ńṣì. Bọ́láńlé gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ìròyìn dé Òtígbà ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ má gbé nǹkan fún obìnrin yẹn o, tẹ́ ẹ bá fi lè rẹwà, ilé yín ò ní rí yín mọ́. Oṣù Kẹfà lọ, tábìlì rẹ̀ gbẹ. Ọ̀gá Dàwódù ń pín iṣẹ́ tirẹ̀ fún un. Bọ́láńlé ń jó òjé rẹ̀ bó ṣe ń jó o ní ilé iṣẹ́ láyé ọjọ́sí, ó ń dán, ó mọ́ roro. Kò tún retí ẹnikẹ́ni. Irọ́ nìyẹn, èmi ni mo ń bá a bo ojú: ojoojúmọ́ ló ń wo títì.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan nínú oṣù Keje, ẹnì kan dúró níwájú tábìlì. Bọ́láńlé gbójú sókè. Wasiu ni, ó wọ ẹ̀wù funfun tó gbẹ, kò gbé nǹkan kan dání. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ahọ́n.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá," ó kí ọ̀gá Dàwódù. Ọ̀gá Dàwódù dáhùn, ó sì rántí lójijì pé òun fẹ́ ra abẹ́rẹ́ ní òdìkejì títì.

Bọ́láńlé gbé irin sílẹ̀. "Ṣé ó tún ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́."

"Ṣé àwọ̀ lọ ni?"

"Kò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Bọ́láńlé, ó gbóná, ó tutù, wọ́n gbá a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò lọ." Ó fa àpótí, ó jókòó. "Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú ń bí mi sí ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sọ fún ara mi pé tó bá tún bàjẹ́, màá gbé e lọ bá ẹlòmíràn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mò ń jí láàárọ̀, mò ń tàn án, mò ń wò ó bóyá ó ti bàjẹ́. Pupa ń yọ, àwọ̀ ewé ń yọ. Inú wá ń bí mi sí ẹ̀rọ. Lánàá, mo mú sìkùdíráfà, mo tú ìdérí ẹ̀, mo fẹ́ fọwọ́ ara mi já ẹsẹ̀ yẹn."

Bọ́láńlé fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo wá ń rí ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo dá ìdérí padà. Mo ní ṣé bó ṣe ṣe ọ́ náà nìyẹn."

"Bó ṣe ṣe mí nìyẹn," ó ní, ó sì ń sunkún láìtijú.

"Nǹkan kan ò bàjẹ́. Ìwọ ni mo wá wò." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí tábìlì, láàárín àwọn áísì àti wáyà. "Màá máa wá láìsí ìdí. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: tó o bá fẹ́ rí mi, ránṣẹ́ pè mí."

"Wasiu mi."

"Ọkàn mi. Bàbá mi ní kí n bi ọ́ ọjọ́ tí àwọn àgbà ilé wa lè wá kí màmá rẹ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun náà fẹ́ràn ọ. Àwọn ìyàwó alápatà tún ti kó tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà jọ dè ọ́. Wọ́n ní ẹni tó lè jẹ́wọ́ èyí tó bà jẹ́, kò ní parọ́ nípa èyí tó tún ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. "Tí wọ́n bá wá kí màmá mi, tí màmá mi bá gbà ńkọ́? Ṣé wàá ṣì máa wá síbí?"

"Rárá o. Kí ni màá wá ṣe? Ilé kan náà la ó ti máa jọ jáde láàárọ̀."

Bọ́láńlé nu ojú rẹ̀. Ó yọ irin rẹ̀ kúrò lára iná, ó sì ké sí ọ̀gá Dàwódù ní òdìkejì títì pé òun ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lónìí, pé Wasiu fẹ́ sin òun dé ọ̀dọ̀ màmá òun.